Ìlẹ̀kùn Ẹ̀yìn

Ọdún mẹ́rìnlá ni bàbá mi fi wa ọkọ̀ yìí lọ sí ihò èédú,
ọdún mọ́kànlá mìíràn ló fi wa á lọ síbi tó bá wù ú.
Fọ́ọ̀dù akẹ́rù, aláwọ̀ ewé,
tí iyọ̀ ojú títì ti jẹ létí
bí eku ṣe ń jẹ ẹja gbígbẹ.
Nígbà tí a sin Lauchlin tán, ọkọ̀ dá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.
Yìnyín bò ó, yìnyín yọ́,
koríko gba abẹ́ rẹ̀.
Màmá ò jẹ́ ká tà á.
Kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣí i.

Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ju kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì:
"Ṣe é bó o ṣe fẹ́. Má ṣáà jẹ́ kí n rí i."

Mo fi ẹ̀wọ̀n gbé ẹ́ńjìnnì sókè láàárín gáréèjì.
Epo dúdú ń kán lára rẹ̀, tó, tó, tó,
bí ẹni tó ṣì ku ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀.
Wilf aládùúgbò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ife kọfí lọ́wọ́:
"Effie, ọkọ̀ tí ò mu epo, kí ni yóò máa mu?"
Mo ní iná ni.
"Iná! Ní erékùṣù tí ìjì ti ń já wáyà lulẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀!"
Mi ò dá a lóhùn. Òótọ́ kúkú ni.
Èédú sì ṣì wà nínú iná ọ̀hún,
irú èyí tí bàbá mi wa
títí tó fi ń wúkọ́ ju ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Mọ́tò tí mo rà wá láti ara Nissan kékeré kan
tó forí sọ igi lọ́nà Mabou.
Bátìrì méjìdínláàádọ́ta:
ọgbọ̀n sábẹ́ àpótí ẹ̀yìn,
méjìdínlógún síbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń pariwo tẹ́lẹ̀.
Wáyà aláwọ̀ ọsàn, ó ki bí àtàǹpàkò;
ìfọwọ́kàn kan láìfiyè sí i, Màmá á di aláìlọ́mọ.
Irin tí yóò so mọ́tò mọ́ jíà ò bára mu.
Mo gé e, ó fi ìwọ̀n fọ́nrán irun kan yẹ̀.
Mo tún un gé.
Lẹ́ẹ̀kẹta, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀,
mo bú bàbá mi, mo bú Fọ́ọ̀dù, mo lọ sùn.

Lọ́jọ́ tó rìn,
kò ké, kò rú èéfín.
Òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ táyà nìkan ni mo ń gbọ́.
Mo wà á dé etí òkun, mo wà á padà,
mo ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tó jí ṣúgà.
Mo yà sínú ọgbà.
Ajá ò gbé etí.
Màmá kọ̀yìn sí fèrèsé, ó ń fọ abọ́,
kò yíjú.

Ìgbà náà ni mo tó rántí.
Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n: bí ọkọ̀ bá ti wúkọ́ ní kọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì,
kẹ́tù á ti gorí iná.
Ó gbọ́ ọkọ̀, ó mọ̀ pé ọkọ ń bọ̀.
Kí bàtà tó kúrò lẹ́sẹ̀ Lauchlin, tíì ti dé iwájú rẹ̀.
Èmi ni mo sì gbé ohùn yẹn lọ fún oní-páńtí,
tí mo gba ọgọ́rin dọ́là.

Mo yí ọkọ̀ padà.
Mo lọ dé kọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo mọ̀ọ́mọ̀ wọ kòtò.
Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí bóòtù rẹ̀ ti já látìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá,
pariwo: gbàgà! Gbàgà-gbàgà!
Nígbà tí mo wọlé,
kẹ́tù ti ń hó.
Ife méjì.
Màmá ò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò sọ.

Wilf ò yé bi mí léèrè:
"Ìwọ tó ń jó irin jẹun, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ ń mì."
Mo ní mi ò tíì rí bóòtù tó bá a mu.
Ó wà nínú àpò mi.